Ẹ́ńjìnnì ìgégi tó kọ̀ tí kò rọlẹ̀: àkọsílẹ̀ àtúnṣe kan, àti ọ̀rọ̀ èmi àti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é

Ẹ̀rọ náà

Ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lé díẹ̀ ní 70 cc, báà ínǹṣì 25, irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí ká, ló wà lára rẹ̀. Tuntun ni mo rà á, lọ́wọ́ dílà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yàn ní Èkó. Kì í ṣe tòkunbọ̀, kì í sì í ṣe ayédèrú tí wọ́n lẹ orúkọ olórúkọ mọ́ lára. Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é. N ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí mo mọ àwọn tó ń lo ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, àti nítorí pé àwọn èèyàn náà gbìyànjú níkẹyìn.

N kì í la pákó. Igi àárín ìlú ni mò ń gé n'Íbàdàn: máńgòrò tó ti fẹ̀yìn ti fẹ́ǹsì, àlùmọ́ńdì tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ sókàwéè, ọ̀pẹ gíga tó ti ń tẹ̀ sórí páànù. Iṣẹ́ olókùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀: à ń gé e ní ègé, à ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó bá kọṣẹ́ lójú iṣẹ́ ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ẹni tó wà lókè, àwọn tó di okùn mú nísàlẹ̀, onílé tó ti kó àwọn ọmọ jáde, aládùúgbò tó ti gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò, gbogbo wọn á máa wojú ara wọn.

Mọ́níyà

Ìrókò gbígbẹ kan ní Mọ́níyà ni mo ti kọ́kọ́ rí àmì. Ẹni tó bá ti gé ìrókò rí mọ̀ pé òkúta lè wà nínú rẹ̀, òkúta gidi tí igi náà fúnra rẹ̀ ṣe, pàápàá níbi tó bá ti gbọgbẹ́. Ṣéènì bá ọ̀kan pàdé, iná ṣẹ́, eyín rẹ̀ sì kú tán. Mo pààrọ̀ ṣéènì, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo tú ìka kúrò lára tírígà, ẹ́ńjìnnì ò sì rọlẹ̀. Ó ń ké lọ sókè fúnra rẹ̀, ṣéènì ń yí.

Kí ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lè mọ ohun tí mò ń sọ: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní ìsinmi, ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ṣéènì tó ń yí láìjẹ́ pé èèyàn fọwọ́ kan tírígà, nígbà tí ẹni náà rọ̀ sórí okùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lára igi, lè gé okùn, ó sì lè gé ẹsẹ̀. Mo fa búréèkì ṣéènì, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo so ó mọ́ okùn, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré ni mo fi gé ìyókù ẹ̀ka; ìtì náà dúró di ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní òkúta inú ìrókò ló fà á. Òkúta ń ba ṣéènì jẹ́, ó lè ba báà jẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ẹ́ńjìnnì máa ké sókè. Bí ó bá tutù, ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìgbà tó bá gbóná ni wèrè rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mo dì mú.

Gbogbo ayé ní kábúrétọ̀ ni

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, nítorí ó ní àwọn irinṣẹ́ tí n kò ní. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, sukurudíráfà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú kábúrétọ̀.”

“Àbúrò, kí la wá fẹ́ tú?”

Ó ní ẹ̀tọ́ láti bi mí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdọ̀tí inú kábúrétọ̀ ló máa ń yọ èyí tó pọ̀ jù lẹ́nu. Bẹntiróòlù wa náà ò ràn wá lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ó dé ilé epo káàkiri, mẹ́tánọ́ọ̀lù sì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ọ̀pá epo àti awọ pẹlẹbẹ inú kábúrétọ̀ gbogbo ẹ̀rọ mi léraléra. Ti ẹ̀rọ yìí rọ̀, kò gan, kò ya.

Ẹ̀gbọ́n bá ṣí súkúrù L, èyí tó ń darí epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀, díẹ̀ kí epo lè pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. A jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná dáadáa, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó tún ṣí i sí i. Mo ní kó dá a dúró, torí pé ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibòmíràn wọlé, èèyàn lè fi epo púpọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ á sanwó, á gbé e lọ, písítìnì á sì jó lójú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì tú-sítírókù, kò sí ọ́ílì nísàlẹ̀ bíi ti mọ́tò. Abẹ́ písítìnì gan-an ni pọ́ǹpù rẹ̀. Písítìnì gòkè, ó fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé láti inú kábúrétọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tì wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ lọ sókè níbi tí iná á ti ran wọ́n. Nítorí náà, abẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ dí pinpin. Bí ihò bíńtín bá wà níbi kan, afẹ́fẹ́ tí kò gba kábúrétọ̀ kọjá á máa wọlé, epo á kéré sí afẹ́fẹ́. Inú epo sì ni ọ́ílì wà. Epo dín, ọ́ílì dín, iná gbóná jù, ẹ́ńjìnnì sáré ju bó ṣe yẹ lọ, písítìnì wú, ó ń ha ara sìlíńdà.

Ohun tí sàlẹ́ńsà ń bò

Bóòtù díẹ̀ ló di sàlẹ́ńsà mú. Tí èèyàn bá yọ ọ́, yóò rí písítìnì gba ihò tí èéfín ń gbà jáde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù síbẹ̀, mo rọra ń fa okùn sítátà. Àwọn ilà wà lára písítìnì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó fi mọ́ ibi tí ríìngì wà. Wọn ò jìn, ṣùgbọ́n èékánná ń kọ́ wọn.

Ibi tí ilà bá wà ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀ nìkan ló wà, ìdọ̀tí ló gba fíltà kọjá. Bó bá yí písítìnì ká, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti bu bẹntiróòlù lásán sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ sàlẹ́ńsà nìkan, ooru ni, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ. Ọ̀dọ̀ sàlẹ́ńsà nìkan ni tèmi wà. Ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀ ń dán.

Ọ̀rọ̀ ọ́ílì: 50 sí 1 ni ilé-iṣẹ́ kọ sínú ìwé ẹ̀rọ yìí, ìyẹn 100 ml ọ́ílì tú-sítírókù sínú lítà 5 bẹntiróòlù. Ike oníwọ̀n ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. N kì í fojú wọ̀n ọ́n, n kì í sì í fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn àgbà agégi tó ti ń fi agolo wọ̀n ọ́n láti ayébáyé tí ẹ̀rọ wọn ṣì ń ké. Àwọn ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ń gba ìyà ju ti ìsinsìnyí lọ.

Ọṣẹ

Láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, a ní láti dí gbogbo ẹnu ọ̀nà tó tọ́, kí a wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kí a wo ibi tí yóò gbà jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ta irinṣẹ́ fún un, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Rọ́bà inú táyà ọkadà la gé sí méjì. A fi ọ̀kan sábẹ́ sàlẹ́ńsà, a fi ìkejì dí ẹnu ibi tí kábúrétọ̀ ń jókòó sí, a dè wọ́n le. A wá mú bọ́ọ̀lù rọ́bà àti ojú aago lára ẹ̀rọ ìwọ̀nfúnpá tó ti bàjẹ́, a tẹ ọ̀pá rẹ̀ bọ ihò kékeré tó máa ń gbé ìmí ẹ́ńjìnnì lọ sí kábúrétọ̀.

Ìwé àtúnṣe irú ẹ̀rọ báyìí máa ń sọ pé kó gba afẹ́fẹ́ tó 0.5 bar, kó sì dúró síbẹ̀. Nǹkan bíi 375 ni lójú aago ìwọ̀nfúnpá, tí tirẹ̀ sì parí sí 300, nítorí náà 300 la lò. Kò dúró rárá. Ọwọ́ aago ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń fún un.

A po ọṣẹ. A fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ìsàlẹ̀ sìlíńdà: kò hó. Ibi tí ara ẹ́ńjìnnì ti so pọ̀ láàárín: kò hó. Ẹ̀gbẹ́ kíláàṣì, ohun tó ń mú ṣéènì yí: kò hó. A yọ fúláíwíìlì, àgbá irin tó ń yí ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a kùn ún sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọ́ílì síìlì wà, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dí etí ọ̀pá irin tó ń yí (ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan). Ọṣẹ hó, ó yọ ìfófòó rọ́bọ́tọ́ kan tó ń tóbi, tó ń bẹ́, tí òmíràn ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n gbé sukurudíráfà rẹ̀ padà sínú àpótí. “Ó dáa,” ló sọ. Mo gba fídíò ìfófòó náà, aago ìwọ̀nfúnpá sì hàn nínú rẹ̀. Fídíò yẹn wúlò ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà lọ.

Ilé-iṣẹ́

Mo kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ náà ní Yúróòpù. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, láti Mọ́níyà dé orí ọṣẹ. Èsì dé ní kíákíá: ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ lọ bá dílà tó sún mọ́ yín jù lọ. Kò sí ẹni tó ka ohun tí mo kọ.

Dílà tó sún mọ́ mi náà ni ti Èkó tí mo ti rà á. Ọmọkùnrin kan ló ń dáhùn lórí WhatsApp, ó mọ̀wà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ ló ń bá a ronú.

“Ẹ máa gbé e bọ̀, sà. A máa yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ́ílì síìlì ẹ̀yìn fúláíwíìlì ni.”

“Kò sí síìlì nílẹ̀, sà. Wọ́n ní wọn ò ṣe é mọ́. Ìdajì ẹ́ńjìnnì lódindi la ní.”

Iye tó pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì owó ẹ̀rọ tuntun. Ó tún fi kún un pé iye náà ò dájú kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn. N ò bínú sí i lórí ìyẹn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ta ọjà òkèèrè tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni bí ilé-iṣẹ́ ṣe lè ṣíwọ́ ṣíṣe síìlì fún ẹ̀rọ tí wọ́n ṣì ń tà.

Ní wáráńtì, ó ní ti oníṣẹ́ òòjọ́ kúrú ju ti onílé lọ, tèmi sì ti tán. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Ó ní tí kò bá tilẹ̀ tíì tán, písítìnì tó ti ha kò sí nínú rẹ̀, nítorí wọ́n kà á sí àṣìlò ọ́ílì. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ìjà wáráńtì ò ní í gbé mi débì kankan. Ohun tí wọ́n máa ń ṣọ́ ni owó wọn. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn ni mo nílò, wọn kì í sì í ṣọ́ ìyẹn bẹ́ẹ̀.

Mo tún ímeèlì kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, n ò ròyìn, n ò ráhùn, n ò béèrè wáráńtì. Fọ́tò nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ, fọ́tò písítìnì, fídíò ọṣẹ. Ìbéèrè tí mo fi sí i kò ju èyí lọ: ẹ fi àwòrán tó tú ẹ̀rọ yìí ká ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà síìlì méjèèjì bó ṣe wà lónìí, ìwọ̀n tí a fi ń de nọ́ọ̀tì fúláíwíìlì, àti ibi tí súkúrù kábúrétọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn ló dáhùn, ẹni tó hàn gbangba pé òun náà ti tú ẹ́ńjìnnì rí. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé wọ́n ti fi síìlì mìíràn rọ́pò ti àkọ́kọ́, rọ́bà rẹ̀ yàtọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti yí padà. Ti àtijọ́ ni wọn ò ṣe mọ́. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò ṣe àwíjàre, kò sì sọ ìdí tí wọ́n fi yí i padà. Ẹni tó bá gbọ́n á fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Mo da nọ́ńbà tuntun náà sórí WhatsApp sí ọmọkùnrin Èkó.

“Ó wà nílẹ̀, sà.”

Ó ti wà nínú sítọ́ọ̀ wọn láti ọjọ́ yìí. Nọ́ńbà àtijọ́ ló ń tẹ̀, kọ̀ǹpútà ń sọ fún un pé wọn ò ṣe é mọ́, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ pé kó tẹ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sì kọ̀wé sí wọn pé, nítorí fídíò, kí wọ́n fún mi ní síìlì méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́. Písítìnì àti ríìngì, èmi ni mo sanwó wọn.

Kí n tó gbọ́ èyí, mo ti dé ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ nítòsí ọjà pákó Bódìjà. Ó wọn ihò inú, ó wọn ẹ̀yìn, ó wọn ìnípọn, ó mú síìlì ọkadà kan tó ṣe déédéé jáde. “Oníbàárà mi, òun náà nìyí.” Mo dúpẹ́, n ò rà á. Ẹ́ńjìnnì ìgégi lè yí kọjá 13,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọkadà kì í dé ibẹ̀. Bí síìlì bá bá ihò mu, ìyẹn ò ní kí rọ́bà rẹ̀ lè fara da irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìtúpalẹ̀ àti títò

Ẹ̀gbẹ́ kíláàṣì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Yọ púlọ́ọ̀gì, ti okùn rírọ̀ bọ inú sìlíńdà kí písítìnì má lè lọ, kí o wá tú kíláàṣì. Òdì ló ń tú: ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí èèyàn máa ń yí sí tó bá fẹ́ dè é. Mo ti rí kíláàṣì tí wọ́n fi òòlù fọ́ nítorí pé ẹnì kan ò mọ èyí.

Síìlì àtijọ́ kì í fẹ́ jáde. Mo lu ihò kékeré sí ojú irin rẹ̀, mo yí súkúrù sínú ihò náà, mo fi pílíà fà á. Kí èérún irin má bọ́ sínú bíárìn, mo fi gíríìsì kún ẹnu irin tí mo fi ń lu ihò. Ètè síìlì ẹ̀yìn fúláíwíìlì ti le gbagidi, ó sì sán níbi kan tí irun orí lè wọ̀. Ihò tí gbogbo wàhálà gbà wọlé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíárìn ń yí láìdún, mo fi sílẹ̀.

Títẹ tuntun wọlé gba sùúrù. Ètè rẹ̀ kọjú sí inú, gíríìsì díẹ̀ lára rẹ̀. Mo fi séló bo ibi tí ọ̀pá irin ti ní ojú mímú kó má baà gé rọ́bà tuntun, lẹ́yìn náà mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ẹ̀yìn síìlì dọ́gba rọra gbá a wọlé títí ó fi tẹ́jú.

Sìlíńdà kò bàjẹ́. Alumíníọ̀mù ara písítìnì ló lẹ̀ mọ́ ọn lára, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì ń jẹ alumíníọ̀mù. Mo fi òwú orí igi kékeré tí a fi ń nu etí kùn ún sí ojú ilà nìkan, ó hó, mo nù ún, mo tún kùn ún, títí kò fi hó mọ́. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì jìnnà sí ẹnu ihò, torí pé ara sìlíńdà lóde jẹ́ alumíníọ̀mù náà, ásíìdì ò sì ní ojú. Mo fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, mo gbẹ ẹ́, mo fi ọ́ílì pa á.

Písítìnì tuntun wọlé, ọfà orí rẹ̀ kọjú sí sàlẹ́ńsà. Kí n tó dá fúláíwíìlì padà, mo tún dí ohun gbogbo, mo tún fún bọ́ọ̀lù rọ́bà. Ọwọ́ aago dúró. Mo lọ mu omi, mo padà dé, ó ṣì dúró. Lẹ́yìn náà ni mo wá tò ó: fúláíwíìlì, kọ́íìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, tí mo fi káàdì ìpè kan sáàárín òun àti fúláíwíìlì kí àyè náà lè ṣe déédéé, púlọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.5 mm, sàlẹ́ńsà pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ó jí. Súkúrù kábúrétọ̀ ni mo dá padà sí ibi tí ọkùnrin Yúróòpù yẹn kọ fún mi, mo sì fi súkúrù H, èyí tó ń darí epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, sílẹ̀ kí epo pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ títí ríìngì yóò fi bá sìlíńdà mọ́ra. Bẹ́ẹ̀, ó ń dún bí ẹni tí òtútù mú tó bá sáré tán láìgé nǹkan, tí a bá fi bọ igi, ohùn rẹ̀ á mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn tuntun kan wà báyìí tí kò ní súkúrù rárá, kọ̀ǹpútà ló ń tún kábúrétọ̀ wọn ṣe. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ohun tí mo lè fi sukurudíráfà bá wí lórí oko.

A padà sí Mọ́níyà. Mo gé ìtì ìrókò náà títí tí ara ẹ̀rọ fi gbóná débi tí n ò lè fọwọ́ kàn án. Mo tú tírígà. Ó rọlẹ̀, ṣéènì dúró.

Ohun tó kù: bẹ́líìtì búréèkì ṣéènì ti ń tinrin, mo sì ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, nọ́ńbà tó wà nínú àwòrán, pẹ̀lú ìbéèrè bóyá wọ́n ti yí òun náà padà. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ́ọ̀ gba rọ́bà táyà méjèèjì àti bọ́ọ̀lù ìwọ̀nfúnpá lọ́wọ́ mi. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tú-sítírókù kan wà nílẹ̀ tí òun ti pààrọ̀ kábúrétọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun fẹ́ fi ọṣẹ wò ó.